Ọkọ̀ Pọ̀, Ojú Ọ̀nà Kò Tó: Àyẹ̀wò Eré Star Citizen

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, Chris Roberts kéde fún gbogbo ayé pé òun fẹ́ ṣe eré fídíò kan tí irú rẹ̀ kò tíì sí rí. Star Citizen ni ó sọ eré náà. Ojú ọ̀run lódindi ni yóò jẹ́ pápá rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti ilẹ̀ gbogbo ni yóò pàdé nínú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò máa wa ọkọ̀ ojú-ọ̀run, wọn yóò máa ṣòwò, wọn yóò máa jagun, wọn yóò sì máa gbé inú rẹ̀ bí ẹni ń gbé ìlú. Roberts kì í ṣe àjèjì nínú iṣẹ́ yìí: òun ni ó ṣe Wing Commander ní ọdún 1990, eré tí ó sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ó ní kí àwọn olùfẹ́ eré fúnra wọn dáwó jọ fún òun, kí òun má baà wà lábẹ́ àṣẹ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Wọ́n dá owó náà. Ọdún 2014 ni ó dá fún wọn pé iṣẹ́ yóò parí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì sixième ní C.E.G. lónìí ni a kò tíì bí nígbà tí ó sọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, eré náà kò tíì parí.

A kò fẹ́ dá Roberts lẹ́jọ́ nítorí pé ó pẹ́. Iṣẹ́ ńlá a máa pẹ́, ẹni tí ó bá sì gbin obì kì í retí èso rẹ̀ ní ọdún kejì. A kò sì fẹ́ pè é ní jìbìtì gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń wí: eré wà, àwọn ènìyàn ń ṣe é lójoojúmọ́, iṣẹ́ sì ń lọ. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ètò iṣẹ́ náà. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Kí ni wọ́n sún di ọ̀la? Ìdáhùn tí a rí ni pé ohun tí ó ṣeé tà ni wọ́n fi ṣe àkọ́ṣe, ohun tí yóò gbé eré náà ró ni wọ́n fi ṣe àṣekẹ́yìn. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Òǹkàwé lè béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Ko-Koumolou. Eré náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fẹ́ àyè bí ọgọ́rùn-ún gigabyte lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tí ó lè gbé e kò wọ́pọ̀ nítòsí wa, mégà tí a ó fi fà á wá sílé kì í sì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sì mọ orúkọ àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ju bí wọ́n ti mọ orúkọ àwọn igi inú igbó wa lọ. Àwọn kan lára wọn ń sọ pé iṣẹ́ eré fídíò ni àwọn fẹ́ ṣe bí àwọn bá dàgbà. Ohun tí wọ́n bá rí kọ́ lára Star Citizen nípa bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun ni yóò bá wọn dàgbà. Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síhìn-ín, tí a sì gbé ìdájọ́ wa lé àwọn fídíò tí àwọn eléré ń yà àti àwọn ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ náà, Cloud Imperium Games, fúnra rẹ̀ ń gbé jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Eré yìí lẹ́wà. Eléré yóò jí lórí ibùsùn nínú yàrá kan, yóò sọ̀kalẹ̀ sí àárín ìlú, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí èbúté, yóò gun ọkọ̀ rẹ̀, yóò gbéra. Òfurufú yóò kúrò ní àwọ̀ búlúù, yóò di dúdú, ìràwọ̀ yóò yọ; yóò fò títí dé ojú òṣùpá kan, yóò balẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ iyanrìn ibẹ̀. Ní gbogbo ìrìn yìí, àwòrán kò ní dákú lójú rẹ̀ kí a tó gbé òmíràn wá. ArcCorp jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì tí ilé bò láti òkè délẹ̀. MicroTech kún fún yìnyín. Ní Crusader, inú àwọsánmà ni ìlú léfòó sí. Ẹni tí ó bá rí nǹkan wọ̀nyí tí kò yìn wọ́n, ìlara ni ó ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ilé àti òpópónà nìkan kọ́ ni ìlú. Ènìyàn ni ìlú. Eré tí a ṣe fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní òpó mẹ́ta tí kò lè ṣe aláìní. Èkíní ni sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ń gba gbogbo eléré lálejò, tí ó ń jẹ́ kí ohun tí ẹnìkan ṣe hàn sí ẹnìkejì lójú ẹsẹ̀. Èkejì ni ìrántí: bí ẹnìkan bá gbé àpótí kalẹ̀ lónìí, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó bá a lọ́la. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tí eléré yóò máa ṣe, tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, tí kò ní dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìdajì.

Ẹ wo ìgbà tí àwọn òpó wọ̀nyí dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 50 ènìyàn ni sáfà kan ń gbà; kíláàsì kan ṣoṣo ní ilé-ìwé wa lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrántí tòótọ́ dé ní oṣù Kẹta ọdún 2023 pẹ̀lú ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní Alpha 3.18, ìdàrúdàpọ̀ tí ó bá a wọlé sì pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ eléré kò rí ọ̀nà wọ inú eré náà rárá ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìlànà tí ó so sáfà púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní server meshing, kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo eléré títí di oṣù Kejìlá ọdún 2024 nínú Alpha 4.0. Ìgbà náà ni iye ènìyàn tí ó lè pàdé ní ibì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ di nǹkan bí 500. Ọdún 12 ti kọjá lẹ́yìn ìkéde. Ní ti àgbègbè tí a ó rìn, agbo ìràwọ̀ 100 ni wọ́n ṣèlérí ní ọdún 2012, ìyẹn ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí i ká. Stanton nìkan ni ó wà títí Alpha 4.0 fi mú Pyro, èkejì rẹ̀, wá.

Kí ni ó wá dé ṣáájú àwọn òpó? Ọkọ̀ ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, ohun àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi lé àwọn olùdáwó lọ́wọ́ ni ilé ìgbọ́kọ̀sí: ẹni tí ó ra ọkọ̀ lè rìn yí i ká, kí ó máa wò ó, ṣùgbọ́n kò lè fò ó. Láti ìgbà náà ni títa ọkọ̀ ti di ọ̀nà oúnjẹ. Ọkọ̀ kékeré ń bẹ, ọkọ̀ ńlá sì ń bẹ tí owó rẹ̀ ju 2,000 dọ́là lọ. Ní ọdún 2018, wọ́n gbé àkójọ ọkọ̀ kan jáde, Legatus Pack, ní 27,000 dọ́là, èyí tí ó tó mílíọ̀nù 15 fáránkì CFA. Ẹni tí kò bá tíì ná 1,000 dọ́là tẹ́lẹ̀, wọn kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí ó fojú rí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n sì tà nígbà tí ó wà ní àwòrán lásán. Wọ́n ti ń ta Banu Merchantman láti ọdún 2013. Títí ọdún 2024 fi parí, kò sí ẹni tí ó tíì wà á nínú eré. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní ọdún 2021, ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìpolówó ọjà ní Ìlú Ọba gba ilé-iṣẹ́ náà nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa sọ ọ́ gbangba nínú ìpolówó bí ọkọ̀ tí wọ́n ń tà kò bá tíì sí.

Lẹ́yìn ọkọ̀ ni ọ̀ṣọ́. Eré kejì wà lábẹ́ ọ̀kan náà, Squadron 42, tí ẹnìkan ṣoṣo lè dá ṣe bí ẹni ń wo sinimá. Ní ọdún 2015, wọ́n ti gba àwọn òṣèré olókìkí bíi Mark Hamill, Gary Oldman àti Gillian Anderson, wọ́n sì ti ya ìṣe wọn ní Ìlú Ọba. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ sára ìpolówó rẹ̀. Ọdún náà dé, ó kọjá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n tún dá ọdún 2026. Láàárín èyí, ọ̀kan nínú àwọn ìròyìn oṣooṣù wọn ròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí aṣọ ibùsùn lè máa rún bí ó ti yẹ nígbà tí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ lé e. Aṣọ ibùsùn tí ó rún dáadáa kì í ṣe ohun burúkú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pè wá sùn, tí kò rí ilé wọ̀, kí ni yóò fi aṣọ ibùsùn ṣe?

Kí ló fà á tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí? A kò rò pé ọ̀lẹ ni àwọn òṣìṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò rò pé wọn kò mọ iṣẹ́. Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé ni ó ń pàṣẹ fún iṣẹ́. Àwòrán ọkọ̀ tuntun á mú owó wá lọ́la. Iṣẹ́ sáfà lè gba ọdún márùn-ún, kò sì ní àwòrán tí a lè gbé kọ́ ògiri. Nígbà tí owó oṣù tí ń bọ̀ bá wà lórí ohun tí a tà ní oṣù yìí, ẹni tí ń ya ọkọ̀ ni yóò máa ga, ẹni tí ń ri òpó mọ́lẹ̀ ni yóò máa dúró de àyè. Owó kò sì ṣọ̀wọ́n. Ní Kickstarter, wọ́n rí ohun tí ó ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Ní òpin ọdún 2015, gbogbo rẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 100. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ó ti kọjá mílíọ̀nù 500.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá le jù ni pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí a tà, gbèsè ni. Ọkọ̀ tí ń kó ẹrù ń fẹ́ òwò. Ọkọ̀ ìwòsàn ń fẹ́ ọgbẹ́ àti ìtọ́jú. Ọkọ̀ ìwádìí ń fẹ́ ìmọ̀ tí a ó wádìí. Ẹni tí ó ta ọkọ̀ ti ta iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà yóò máa ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ronú kan iṣẹ́ náà. Ẹ wo Reclaimer, ọkọ̀ ńlá tí a ṣe fún kíkó àlòkù irin lára àwọn ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́. Wọ́n tà á ní ọdún 2014. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fò ní ọdún 2018. Iṣẹ́ kíkó àlòkù irin fúnra rẹ̀ kò dé inú eré títí di oṣù Kẹta ọdún 2023. Fún ọdún mẹ́sàn-án, ẹni tí ó rà á ní ọkọ̀ tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ tà á. Bí owó bá sì ti ń wọlé sí i lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òpin iṣẹ́ ń jìnnà sí i. Owó tí ó yẹ kí ó mú un súnmọ́ ni ó ń lé e sá.

Àwọn alátìlẹ́yìn eré náà ní ìdáhùn méjì tí kò yẹ kí a fojú fò. Wọ́n ní ẹni tí ń ya ọkọ̀ kì í ṣe ẹni tí ń kọ iṣẹ́ sáfà. Bí a bá dá ayàwòrán dúró, sáfà kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ yára. Òtítọ́ ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà kì í ṣe bíríkìlà. Ṣùgbọ́n baálé ilé ni ó ń pinnu iye gbẹ́nàgbẹ́nà àti iye bíríkìlà tí òun yóò gbà, àti ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ pè. Ọkọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan sì tún ń fẹ́ ọwọ́ àwọn tí yóò dán an wò, tí yóò sì tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Ìdáhùn wọn kejì ni pé bí kò bá sí títa ọkọ̀, owó kì bá tí wọlé, eré kì bá tí sí. Èyí náà jẹ́ òtítọ́ ní ọdún 2012. Lẹ́yìn mílíọ̀nù 100 àkọ́kọ́, a kò rò pé ó ṣì jẹ́ òtítọ́ mọ́. Oògùn tí a fi gba aláìsàn là kì í di oúnjẹ rẹ̀ títí ayé.

A lè fi iṣẹ́ ẹlòmíràn wọn ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kan náà tí ìdáwó Roberts ń parí ní Kickstarter, oṣù Kọkànlá ọdún 2012, David Braben bẹ̀rẹ̀ ìdáwó tirẹ̀ fún Elite Dangerous. Ojú ọ̀run kan náà ni, ọkọ̀ àti òwò kan náà ni. Braben pinnu pé eléré yóò kọ́kọ́ wà nínú ọkọ̀ nìkan. Kò ní lè dìde lórí àga rẹ̀, kò ní lè fi ẹsẹ̀ rìn. Àbùkù ni ní ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n eré náà jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ó dúró, àwọn ènìyàn ń ṣòwò, wọ́n ń jagun nínú rẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ dé ní ọdún 2021. Kò dé láìní wàhálà, àwọn eléré sì bú ẹ̀dà náà dáadáa. Ṣùgbọ́n eré tí ó ti wà fún ọdún mẹ́fà ni ó bá nílẹ̀. Ẹ̀wà tí Star Citizen ní kò sí nínú Elite. Òpó tí Elite kọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀ ni Star Citizen fi ọdún méjìlá wá.

Ìtàn Roberts fúnra rẹ̀ kì bá ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ṣáájú Star Citizen, òun ni ó bẹ̀rẹ̀ Freelancer, eré mìíràn tí ìlérí rẹ̀ gbòòrò. Ní ọdún 2000, Microsoft ra ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Roberts kúrò nídìí iṣẹ́ náà, wọ́n gé púpọ̀ nínú ìlérí kúrò, eré náà sì jáde ní ọdún 2003. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ṣì ń fi ìfẹ́ rántí rẹ̀. Ẹni tí ó sọ pé gígé ni ó ba Freelancer jẹ́ lè ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ohun tí a mọ̀ ni pé ohun tí a gé ni ó dé ọwọ́ eléré.

Ilé-iṣẹ́ náà ti ń yí ojú padà. Lẹ́yìn Alpha 4.0, wọ́n kéde pé ọdún 2025 yóò jẹ́ ọdún tí àwọn yóò kọjú sí ìdúróṣinṣin eré náà, kí ó lè ṣeé ṣe láìsí ìdíwọ́ lemọ́lemọ́. A kí wọn fún ìpinnu náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá ní láti ya ọdún kan sọ́tọ̀, lẹ́yìn ọdún méjìlá, kí ilé má baà máa wó lé àlejò lórí, ìpinnu náà ti di ẹ̀rí fún ohun tí a ń sọ.

Àwọn obìnrin tí ń fún epo pupa ní agbègbè wa kò ní wàhálà yìí. Wọ́n á ṣa ẹyìn, wọ́n á sè é, wọ́n á gún un, wọ́n á fún un, kí wọ́n tó máa wá bídọ̀n tí wọn yóò rọ epo sí. Kò sí èyí tí yóò kọ́kọ́ to ogún bídọ̀n dáradára síwájú ọjà, kí ó gba owó wọn, kí ó tó wá ẹyìn lọ. Bí ó bá sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ọjà náà kò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ Star Citizen ni pé ọjà gbà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbà á lẹ́ẹ̀kẹwàá. Olùdáwó náà ní ìpín nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi owó dáhùn sí àwòrán, àwòrán ni wọn yóò máa fi hàn án.

Fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń lá àlá eré fídíò, ẹ̀kọ́ kan wà nítòsí. Ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, Olivier Madiba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kiro'o Games ṣe Aurion, eré tí ìtàn rẹ̀ ti inú ìrònú ilẹ̀ Áfíríkà jáde. Ohun tí wọ́n rí ní Kickstarter ní ọdún 2015 ju 40,000 Euro lọ. Wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2016. Ẹnìkan ṣoṣo ni ń ṣe é, kò ní sáfà tí yóò gbé, nítorí náà a kò lè sọ pé ó dọ́gba pẹ̀lú Star Citizen. Ṣùgbọ́n ó parí, a lè rà á, a lè ṣe é dé òpin, a sì lè dá a lẹ́jọ́ bí a ti ń dá iṣẹ́ tí ó parí lẹ́jọ́.

Bí ọmọ kan ní Ko-Koumolou bá fẹ́ ṣe eré ayò tí ènìyàn méjì yóò máa ta lórí fóònù méjì, kí ẹnìkan wà níhìn-ín, kí èkejì wà ní Kùtọnu, ìmọ̀ràn wa rọrùn. Kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí fóònù méjèèjì gbọ́ ara wọn. Kí ọmọ ayò tí a jẹ níhìn-ín kúrò nínú ọpọ́n lọ́hùn-ún, kí ó má sì padà wá bí iná bá lọ. Ìgbà tí èyí bá dúró ni kí ó wá gbẹ́ ọpọ́n náà dáradára, kí ó fín in, kí ó kùn ún. Ọpọ́n tí kò lẹ́wà ṣeé ta ayò lórí rẹ̀. Ọpọ́n ẹlẹ́wà tí ọmọ ayò kò dúró nínú rẹ̀, ògiri ni a ó gbé e kọ́.